Àlàyé Lórí Charlie Chaplin: Ọmọ Ilẹ̀ Wo Ni, Ta Sì Ni Alárìnká Inú Sinimá Rẹ̀?

Bí a bá fi àwòrán ọkùnrin kan han ènìyàn, tí ọkùnrin náà dé fìlà dúdú róbótó, tí irunmú rẹ̀ kéré bíńtín, tí bàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tí ó sì mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dání, orúkọ Charlie Chaplin ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹni náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ọmọ ilẹ̀ wo ni ọkùnrin náà, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan gbà pé ìjọba Amẹ́ríkà mú un, wọ́n sì lé e kúrò nílùú nítorí pé kọ́múníìsì ni. Àwọn mìíràn rò pé kò lè sọ̀rọ̀, tàbí pé Alárìnká, tálákà tí à ń wò nínú sinimá náà, ni òun fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tí ó péye nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí kò ní ìdí tí ó fi gbilẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti ṣẹ̀ wá ni yóò mọ ohun tí ó ń wò nígbà tí ó bá ń wo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìlú Ọba ni Chaplin. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1889 ni a gbà pé wọ́n bí i, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé àdúgbò Walworth ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò tíì sí ẹni tí ó rí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti Amẹ́ríkà bẹ MI5, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n bá àwọn wádìí ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tú àkọsílẹ̀ wò títí, wọn kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tún rí lẹ́tà kan nínú ẹrù rẹ̀, nínú èyí tí ẹnì kan ti kọ̀wé sí i pé inú ọkọ̀ tí àwọn Jípísì, ẹ̀yà kan tí ń ṣí kiri, fi ń ṣe ilé, nítòsí Birmingham, ni wọ́n bí i sí. Àìrí ìwé yìí ni ó bí oríṣiríṣi àhesọ, tí àwọn kan fi ń sọ pé Fáránsé ni wọ́n ti bí i, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé orúkọ tí ó ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Òṣèré tí kì í gbé ojú kan ni àwọn òbí rẹ̀, ilé wọn kì í pẹ́ yípadà, kò sì ṣòro kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ má lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ohun tí ó dájú ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dàgbà, àkọsílẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀ sì pọ̀, àní àkọsílẹ̀ tí ó ń bani nínú jẹ́.

Olórin ni bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles. Olórin ni ìyá rẹ̀, Hannah, tí ó ń lo orúkọ Lily Harley lórí ìtàgé. Ibi iṣẹ́ wọn ni àwọn gbọ̀ngàn tí àwọn mẹ̀kúnnù máa ń lọ lálaalẹ́ nígbà náà láti gbọ́ orin, láti wo ijó àti ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n sì máa mu ọtí bí eré ti ń lọ. Bàbá yìí kò bá wọn gbé pẹ́, ọtí ni ó sì pa á ní ọdún 1901, nígbà tí kò ju ẹni ọdún 38 lọ. Ohùn ìyá bàjẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń fi aṣọ rírán gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ títí agbára rẹ̀ fi pin. Ní ọdún 1896, nígbà tí Chaplin wà ní ọmọ ọdún méje, òun, ìyá rẹ̀ àti Sydney, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wọ ilé tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn aláìní ní Lambeth.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú ilé tí èyí jẹ́. Kì í ṣe ilé àánú lásán. Ẹni tí kò bá rí oúnjẹ jẹ mọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀, bí ó bá sì ti wọlé, wọn yóò gba aṣọ ọrùn rẹ̀, wọn yóò fún un ní aṣọ ilé náà, yóò máa ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ tí ó ń jẹ, wọn yóò sì ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ìtìjú ńlá ni lójú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà pé kí wọ́n gbọ́ pé ènìyàn wọ ibẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ aláìní ní Hanwell, níbi tí làpálàpá ti mú Chaplin, tí wọ́n sì fá orí rẹ̀ kodoro. Ní ọdún 1898, orí ìyá wọn dàrú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Cane Hill. Ara rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà padà, ní ọdún 1903 sì ni Chaplin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, fúnra rẹ̀ fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí Sydney wà lójú òkun. Apá kan ilé àwọn aláìní ti Lambeth yẹn ṣì wà títí di òní. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sinimá. Ẹni tí ó bá ti mọ ìtàn yìí kò ní béèrè mọ́ pé níbo ni Chaplin ti rí àwọn ọmọ tí ebi ń pa, àwọn ọlọ́pàá tí ń lé tálákà kiri, àti yàrá òkè àjà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí gbogbo rẹ̀ kún inú fíìmù rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbé ayé Lambeth ni.

Orí ìtàgé ni ó yọ ọ́. Ó sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1964, pé ọmọ ọdún márùn-ún ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ dúró níwájú èrò, ní Aldershot tí í ṣe ìlú àwọn ọmọ ogun. Ohùn ìyá rẹ̀ há lójijì, àwọn sójà ń pariwo, wọ́n sì mú ọmọ náà jáde kí ó wá kọrin dípò rẹ̀. Ní òpin ọdún 1898, ó dara pọ̀ mọ́ Eight Lancashire Lads, ẹgbẹ́ ọmọdékùnrin tí ń fi bàtà onígi jó láti ìlú dé ìlú. Láti ọdún 1903, ó gba ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń jẹ́ Billy nínú eré Sherlock Holmes. Síbẹ̀, ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́ gan-an ni ẹgbẹ́ Fred Karno, tí Sydney ti wọ̀ ṣáájú, tí òun náà sì wọ̀ ní ọdún 1908. Karno ní ẹgbẹ́ òṣèré tó pọ̀ tí ń rìn káàkiri, eré apanilẹ́rìn-ín tí ara ń sọ ju ẹnu lọ sì ni wọ́n ń ṣe. Bí ènìyàn yóò ti ṣubú láìfarapa, bí yóò ti gbá ẹlòmíràn létí tí kò ní kàn án, bí ọ̀mùtí yóò ti gun àtẹ̀gùn tí yóò máa yọ̀ sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi dánra wò léraléra títí tí yóò fi bọ́ sí àkókò rẹ́gí. Òṣèré tí ó dúró bí adelé Chaplin nínú ẹgbẹ́ náà ni Stan Laurel, tí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ nínú sinimá nígbà tó yá. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé Amẹ́ríkà ni ó sọ Chaplin di òṣèré, kí a rántí pé ó ti di ògbóǹtarìgì kí ó tó dúró níwájú kámẹ́rà rí.

Ẹgbẹ́ Karno ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1910, ó sì tún bá wọn padà lọ ní ọdún 1912. Nínú ìrìn àjò kejì yìí ni ilé iṣẹ́ sinimá Keystone, tí Mack Sennett ń darí, ti gbà á sí iṣẹ́ ní $150 lọ́sẹ̀. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Making a Living, jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1914, ṣùgbọ́n kò tíì wọ aṣọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ nínú rẹ̀. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń wáyé lórí fíìmù tí Alárìnká ti kọ́kọ́ yọjú. Kid Auto Races at Venice ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì. Mabel's Strange Predicament ni ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù náà, àmọ́ òun ni Chaplin torí rẹ̀ ṣa aṣọ náà jọ. Ẹni tí ó sọ èkíní àti ẹni tí ó sọ èkejì, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Sennett ni ó ní kí ó múra bí aláwàdà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ohun tí kò bára mu: ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, kóòtù tí ó fún un lára, fìlà kékeré, bàtà ńlá. Irunmú náà wà láti jẹ́ kí ó dàgbà lójú, nítorí ẹni ọdún 24 ni.

Alárìnká yìí kò ní orúkọ, àwọn ará Fáránsé ni wọ́n sọ ọ́ ní Charlot. Kò nílé, kò lówó, ṣùgbọ́n ó ń bọ ọwọ́ rẹ̀ bí ọlọ́lá, ó ń ṣí fìlà kí obìnrin, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan àbùkù sí i lọ fẹ́ẹ́. Bí eégún ṣe yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé e ni Alárìnká ṣe yàtọ̀ sí Chaplin. Nígbà tí a yọ irunmú tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yẹn kúrò, ọkùnrin arẹwà kan tí irun rẹ̀ ń dán, tí ó sì mọ owó i ná àti i tọ́jú, ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1915, ilé iṣẹ́ Essanay ń san $1,250 fún un lọ́sẹ̀. Ní ọdún 1916, Mutual ń san $10,000 lọ́sẹ̀, wọ́n sì tún fi $150,000 lé e lórí. Lẹ́yìn èyí ni ó bá First National ṣe àdéhùn mílíọ̀nù kan dọ́là fún fíìmù mẹ́jọ. Owó tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ó jẹun ilé aláìní ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Lójú tèmi, owó náà kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ohun tí ó fi rà. Àṣẹ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó rà. Ó kọ́ sitúdíò tirẹ̀ sí Hollywood, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1918. Ní ọdún 1919, òun, Mary Pickford, Douglas Fairbanks àti D. W. Griffith dá ilé iṣẹ́ United Artists sílẹ̀, kí àwọn òṣèré àti olùdarí lè máa pín fíìmù wọn fúnra wọn láìsí ọ̀gá lórí wọn. Láti ìgbà náà, òun ni ó ń ronú ìtàn, òun ni ó ń darí, òun ni ó ń ṣe é, òun ni ó ń gé e tí ó ń tò ó, nígbà tó yá òun náà ni ó ń ṣe orin rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ bí a ti ń kọ àmì orin sílẹ̀, tí ẹlòmíràn ní láti bá a kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi lè ya ìran kan títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú fíìmù rẹ̀ City Lights, ìran tí ọmọbìnrin afọ́jú ti ń ta òdòdó fún Alárìnká kò gùn rárá, síbẹ̀ ó lé ní ìgbà 300 tí wọ́n tún un yà. Àṣìṣe ni láti pè é ní òṣèré nìkan, kí a sì fi mọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò sí sinimá kankan tí ó ní ohùn lára fíìmù, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èyí kò sì túmọ̀ sí pé àwọn òǹwòran jókòó sínú ìdákẹ́rọ́rọ́, nítorí wọ́n ń tẹ dùùrù tàbí kí ẹgbẹ́ olórin máa kọrin nínú gbọ̀ngàn bí àwòrán ti ń lọ. Ohun mìíràn tí ó tún ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni bí àwọn ènìyàn inú fíìmù àtijọ́ ṣe máa ń sáré kijikiji. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà náà, àwòrán bíi 16 sí 20 ni ó sì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ohùn dé, wọ́n fi ìwọ̀n ẹ̀rọ sí 24. Bí a bá fi ẹ̀rọ tuntun gbé fíìmù àtijọ́ jáde láìṣàtúnṣe, yóò yá ju bí wọ́n ti yà á lọ. Àwọn aláwàdà náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú un yá díẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìsáré tí à ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọwọ́ wọn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1927 ni The Jazz Singer, sinimá tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, jáde, láàárín ọdún díẹ̀ gbogbo Hollywood sì ti yí padà sí sinimá olóhùn. Chaplin kọ̀. Ìdí rẹ̀ yé mi: Alárìnká kò ní èdè, nítorí náà ọmọ gbogbo ilẹ̀ ni, bí ó bá la ẹnu pẹ́rẹ́n, ó di ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé City Lights jáde ní ọdún 1931 pẹ̀lú orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àti láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ènìyàn sì wọ́ lọ wò ó. Nínú Modern Times ti ọdún 1936, a gbọ́ ohùn Alárìnká fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orin tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan ni ó kọ. Ọdún 1940 ni ó tó sọ̀rọ̀ tán pátápátá, nínú The Great Dictator, níbi tí ó ti fi Hitler ṣe ẹlẹ́yà, tí ó sì parí fíìmù náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí ìfẹ́ ọmọnìyàn. Ọdún kan náà, oṣù kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọjọ́ mẹ́rin péré ni Chaplin fi ṣe ẹ̀gbọ́n Hitler.

A wá dé ibi tí àṣìlóye ti pọ̀ jù. Chaplin gbé Amẹ́ríkà fún nǹkan bí 40 ọdún, ó san owó orí níbẹ̀, ó sì tà ìwé ẹ̀yáwó ogun fún ìjọba ibẹ̀ ní ọdún 1918, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ọmọ-ìlú wọn títí ó fi kúrò. Ìlú Ọba ni ó ni ín nínú ìwé. Ó máa ń sọ pé ọmọ gbogbo ayé ni òun. Èyí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bú u pé kò wá jagun, tí àwọn Amẹ́ríkà náà sì ń bi í léèrè pé ti ta ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1942, ó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kí Amẹ́ríkà tètè ṣí ojú ogun kejì sí Jámánì láti ran ilẹ̀ Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà náà) lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, tí ìbẹ̀rù kọ́múníìsì gba Amẹ́ríkà kan, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n kó jọ sí i lọ́rùn. Ó sẹ́ pé òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ pé irọ́ ni ó pa.

Mi ò ní fi apá kejì pamọ́. Ìgbé ayé rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ohun ìjà. Ó gbéyàwó nígbà mẹ́rin. Lita Grey, ìyàwó kejì, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí Chaplin jẹ́ ẹni ọdún 35, èyí kò sì ṣeé gbè sí lẹ́yìn. Ní ọdún 1944, ilé ẹjọ́ dá a láre nínú ẹ̀sùn tí ìjọba fi kàn án lórí obìnrin kan tí ń jẹ́ Joan Barry, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ mìíràn wọ́n ní òun ni bàbá ọmọ obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe òun. Òfin California ìgbà náà kò sọ ọ́ di dandan kí ilé ẹjọ́ tẹ̀ lé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kẹrin, Oona O'Neill, tí ó fẹ́ ní ọdún 1943, ni ó bá a gbé títí ọjọ́ ikú, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n sì bí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, Chaplin àti ìdílé rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Queen Elizabeth ní New York, wọ́n ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àkọ́ṣe fíìmù rẹ̀ Limelight. Gẹ́gẹ́ bí àjèjì, ó ti gba ìwé àṣẹ tí yóò fi padà wọlé. Ọkọ̀ ti wà lórí omi nígbà tí James McGranery, tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti fagi lé ìwé náà, àti pé bí Chaplin bá fẹ́ padà, àfi kí ó wá dáhùn ìbéèrè lórí ìṣèlú àti ìwà rẹ̀. Nítorí náà, wọn kò mú un, wọn kò sì gbé e sọ sẹ́yìn odi. Wọ́n dúró dè é kí ó jáde ni, wọ́n wá ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ìwé ìjọba tí ó jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀ fi hàn pé ẹ̀rí ọwọ́ wọn kò tó láti dí i lọ́nà bí ó bá tẹ̀ lé ẹjọ́ náà dé òpin. Òun ni kò padà mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1953, ó dá ìwé àṣẹ náà padà fún wọn, ó sì fi Swítsálándì ṣe ibùgbé, ní abúlé Corsier nítòsí Vevey. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Oona, tí Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kọ ìwé ọmọ-ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀. Ìwà àìtọ́ ni ìjọba náà hù, mo sì gbà pé sinimá ni ó pàdánù jù, nítorí fíìmù méjì péré ni ó ṣe lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1957 àti 1967, kò sì sí èyí tí ó tó àwọn ti àtijọ́.

Ọdún 1972 ni ó tó tún ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n pè é wá gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un fún ìṣẹ́jú bíi 12. Ní ọdún kejì, wọ́n tún fún un ní Oscar fún orin Limelight, fíìmù tí ó ti pé 20 ọdún, nítorí pé nínú rúkèrúdò ọdún 1952 wọn kò fi hàn ní Los Angeles. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi oyè dá a lọ́lá ní oṣù Kẹta ọdún 1975, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó jókòó sí gbà á, ó sì di Sir Charles Chaplin. Ó kú ní Corsier ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1977. Àwọn ọkùnrin méjì jí òkú rẹ̀ gbé ní oṣù Kẹta ọdún 1978 láti fi gba owó lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá rí i padà ní oṣù Karùn-ún, wọ́n mú àwọn olè náà, wọ́n sì tún un sin.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo sọ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí The Immigrant ti ọdún 1917, tí kò ju nǹkan bí 25 ìṣẹ́jú lọ, tí ó sì dá lórí àwọn tálákà tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Kí ó wá wo The Kid ti ọdún 1921, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fi ipá gbé ọmọdé lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, kí ó sì parí rẹ̀ sí City Lights. Kí ó wá ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ìwọ̀n eré rẹ̀ ṣe, kí ó má sì yí orin rẹ̀ pa.